Orí Mélòó Ló Ń Sùn Nílé Yín?

Ìwé pélébé aláwọ̀ búlúù ni. Ọmọ bàbá onílé wa ló máa ń gbé e wá ní ìparí oṣù, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tó mọ̀ pé gbogbo èèyàn ti wọlé. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kí wa dáadáa, á wá máa fi bíìkì ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí wa níkọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Owó iná àti owó omi ló ń pín. Ìdílé mẹ́fà la jọ ń gbé inú ọgbà yẹn, mítà iná kan, mítà omi kan, orí ni wọ́n sì fi ń pín owó rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣì ń pọ̀n kò sí nínú kíkà. Ọmọ tó bá ti ń rìn, orí kan ni.

Ojú ọmọkùnrin yìí ni Kẹ́hìndé ṣe rìn fún ìgbà àkọ́kọ́, ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 2011. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, tààrà lọ sọ́dọ̀ oníwèé. Gbogbo wa pariwo ayọ̀. Ọmọkùnrin náà bá wa yọ̀, ó gbé ọmọ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wá tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí itan, ó kọ ọ́ sí i. Mi ò lè bínú sí i, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lóru yẹn. Ọmọ mi rìn, owó sì gorí owó.

Aránṣọ ni mí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti lọ́kọ, ibẹ̀ náà ni mo ti di Ìyá Ìbejì. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn oníbàárà mi ń jiyàn nínú ṣọ́ọ̀bù lórí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kéèyàn máa yá ilé gbé ni, àbí kó ra ilẹ̀ kó kọ́ tirẹ̀? Owó ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Èmi náà, owó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ló kọ́ mi pé àwọn tó ń bá mi sùn nílé ló yẹ kí n kọ́kọ́ kà: ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, ta ló ń bọ̀, ta ló máa tó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí n tó ka owó.

Nígbà tí a ṣègbéyàwó ní 2004, èmi àti ọkọ mi nìkan ni. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ló ń lọ: lónìí Kútọnu, lọ́la Sèmè, nígbà míì Parakou fún oṣù méjì. A gba entrée-coucher kan ní Djègan-Kpèvi, 8,000 sééfà lóṣù. Yàrá kan ni, pẹ̀lú àyè kékeré kan níwájú tí a ta aṣọ sí, a sì ń lo ilé ìwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú àwọn tó kù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò fi wá lọ́rùn sílẹ̀, ó ní kí a fi owó tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ níbi ìgbéyàwó ra ilẹ̀, pé ilẹ̀ kì í jẹrà. A ò rà á, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí dòní. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì la kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn, kí n lè sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ouando. Owó tí ẹ̀gbọ́n ní kí a rì mọ́ inú igbó, òun ni mo fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kejì àti èyí tó ń dí etí aṣọ. Àwọn ẹ̀rọ méjì yìí ló bọ́ wa nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi dá gọ́ọ́.

Mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Olùkọ́ tí kò tíì ní ìyàwó, tí ìjọba lè gbé lọ sí Natitingou ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ìwé, kí ló fẹ́ fi ilé ṣe ní Àjàṣẹ́? Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, tí wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ wa nítorí pé owó ilé níbí kéré sí tọ̀hún, ṣé wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa wà lọ́dún mẹ́ta sí i? Kí wọ́n yálé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Àmọ́ ilé wa kò dúró sí èèyàn méjì. Ọdún 2006 ni mo bí ọmọbìnrin mi àkọ́kọ́. Ọdún 2008 ni àbúrò ọkọ mi ti Sakété wá láti lọ sí ilé-ìwé girama ní Àjàṣẹ́. Akọ̀wé ni mò ń pè é, nítorí pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. Ọdún 2010 ni àwọn ìbejì dé. Ìyá ọkọ mi wá wẹ̀ wọ́n fún oṣù mẹ́ta, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, kò padà sí Sakété mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ń gbé lọ́dọ̀ mi, nítorí pé abúlé ni òbí wọn wà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà wà níbẹ̀. Ẹ kà á: mọ́kànlá.

Ẹni tó bá ti wá ilé pẹ̀lú èèyàn mọ́kànlá ní Àjàṣẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí onílé máa bi ọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ò ń ṣe. "Ọmọ mélòó lẹ ní?" ni. Démarcheur, ìyẹn ẹni tó ń báni wá ilé, tó ń mú wa káàkiri sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ sọ pé ẹ jẹ́ mẹ́fà. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán, ó ti parí." Mo sọ pé mẹ́fà. Ó dùn mí pé mo purọ́ yẹn, nítorí pé ẹni tí mo yọ kúrò nínú kíkà ni Ìyá, àwọn ọmọ iṣẹ́, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. A san owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀, a kó wọlé sí yàrá méjì àti pálọ̀, 25,000 lóṣù. Ní ìparí oṣù àkọ́kọ́, ìwé búlúù dé.

Nígbà náà, kò sí òfin kan tí mo mọ̀ tó dí onílé lọ́wọ́ bó ṣe fẹ́ gba owó àsansílẹ̀. Òfin 2018-12 ti ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 2018 ló wá sọ pé kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́ta lọ. Òfin dáadáa ni, ó tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára. Ṣùgbọ́n owó àsansílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń san án. Ohun tó ń jẹ ilé bíi tiwa tán ni èyí tó ń gorí ara rẹ̀ lóṣooṣù. Èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà nínú ọgbà, mọ́kànlá jẹ́ tiwa. Aládùúgbò wa kan, òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan, ní fíríìjì, ó ní fáànù méjì, ó sì ń lọ aṣọ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Gílóòbù mẹ́ta la ní. Orí méjì ló ń san, orí mọ́kànlá là ń san. Owó ilé ò yí padà, 25,000 náà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ti dàgbà sí i, bí àlejò kan bá ti sùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ilé náà ti wọ́n sí i. Èyí ni àwọn tó ń fi owó ilé nìkan ṣe ìṣirò kì í rí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àwọn tó ń ka èèyàn fún ìjọba dé ọgbà wa. Ọmọbìnrin kan ni, ó jókòó sórí àpótí nínú pálọ̀, ó ń béèrè jẹ́jẹ́: orúkọ, ọjọ́ orí, kí ni ẹni yìí jẹ́ sí olórí ilé? Ṣé a yálé ni, àbí tiwa ni, àbí ilé ẹbí? Ọkọ mi ń dáhùn, èmi ń gbọ́ láti ibi ìdáná. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n ní èèyàn 10,008,749 ló wà ní orílẹ̀-èdè Benin, pé 264,320 nínú wọn wà ní Àjàṣẹ́. Tiwa, mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ilé mi bí ẹni ń ka ìtàn: ìyá àgbà, ọmọ ọdún 70 ó lé, ọmọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ọmọ iṣẹ́, 17, 16, 16, ọmọbìnrin, 7, ìbejì, 3. Ọmọ náà dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Ìyá ọkọ mi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi, ó kọ̀wé pé a yálé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Mi ò fẹ́ kú sílé onílé."

Ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ wa lè máà mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Lọ́dọ̀ wa, ilé kì í ṣe ibi ìsùn nìkan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ibẹ̀ ni àwọn àna ń wá tọrọ ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ òkú sí kí àwọn ẹbí tó wá dárò. Onílé tó gbà ọ́ láyè láti bímọ sínú ilé rẹ̀ lè máà gbà ọ́ láyè láti ṣe òkú níbẹ̀, nítorí àwọn ayálégbé tó kù. Nítorí náà, ilé tó bá ní arúgbó nínú, ìrònú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti tọkọtaya ọlọ́mọ kan, bí owó wọn bá tiẹ̀ dọ́gba.

Oṣù yẹn gan-an la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí a rí, ilẹ̀ ẹbí ni, olówó pọ́ọ́kú. Àwọn arákùnrin mẹ́rin fẹ́ tà á. Ọkọ mi béèrè pé ọmọ mélòó ni bàbá wọn bí. Wọ́n ní mẹ́rin. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló sọ fún wa pé méje ni, pé àwọn obìnrin mẹ́ta wà nílé ọkọ tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè. A fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Òfin ìdílé ti ọdún 2004 fún ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba nínú ogún, nítorí náà, ẹni tó bá ra ilẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn obìnrin fọwọ́ sí i, ó ra ẹjọ́. Ẹ wò ó, kì í ṣe ìdílé tìrẹ nìkan lo máa kà. Ka ìdílé ẹni tó ń ta ilẹ̀ fún ọ pẹ̀lú.

Èyí tí a rà nígbẹ̀yìn wà lápá Adjarra, 500 mítà onígun mẹ́rin, 1,600,000 sééfà. Èsúsú mi méjì ló wọ inú rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹjọ, ni òfin ilẹ̀ tuntun jáde, Code foncier 2013-01, tó sọ pé certificat de propriété foncière, ìyẹn ìwé ẹ̀rí onílẹ̀, ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ tèèyàn ní tòótọ́; ní 2017 ni wọ́n yí i padà sí titre foncier. Ó gba wá lọ́jọ́ púpọ̀ ká tó tọ ọ̀nà yẹn dópin, mi ò ní fi ìyẹn yọ yín lẹ́nu.

Níbi tí a ti ṣìṣe rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni ọkọ mi mú ìwé ilé-ìwé ọmọbìnrin wa, ó yà ilé sí ojú ewé àárín. Ó ń béèrè, èmi ń dáhùn. Yàrá tiwa. Yàrá Ìyá, kí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ó má baà máa jáde lóru. Yàrá Akọ̀wé àti Táyé. Yàrá àwọn obìnrin. Pálọ̀ tó fẹ̀. Kò sí ẹni tí a gbàgbé, gbogbo orí mọ́kànlá ló ní àyè. Inú mi dùn débi pé mo tọ́jú ewé ìwé náà sínú àpótí òwú mi, ó ṣì wà níbẹ̀.

Màmá kan tó ń ta àkàsà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi rí i. Ó wò ó títí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ilé yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ kọ́ boyerie (ilé ọmọ ọ̀dọ̀) sẹ́yìn ilẹ̀ yín, yàrá méjì péré, kẹ́ ẹ kó wọ̀ ọ́. Ẹ máa kọ́ èyí tó kù níṣojú yín." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo sọ fún Bàbá Ìbejì. Ó ní ìyá òun kò ní fi boyerie kẹ́sẹ̀ ayé òun nílẹ̀, pé ilé tó yẹ ìyá lòun máa kọ́ fún un. Ìfẹ́ ló sọ̀rọ̀, mi ò sì jà á níyàn. Èmi náà fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ìpìlẹ̀, 2014. Ògiri, 2015. Ní 2016 iṣẹ́ dúró, nítorí pé Akọ̀wé ti wọ yunifásítì ní Abomey-Calavi, ọmọbìnrin mi sì ń palẹ̀ mọ́ fún ilé-ìwé girama. Páànù, 2017. Láti ìgbà tí a ra ilẹ̀ títí a fi kó, ọdún mẹ́fà la tún fi san owó ilé fún onílé: 1,800,000 sééfà. Ó ju owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Owó tí ò bá parí ilé náà ni.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ìyá wọ ibẹ̀. A ti kan páànù, ilẹ̀ ṣì jẹ́ iyanrìn. Akọ̀wé gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọlé, ó béèrè pé èwo ni tòun. A mú un dé ibẹ̀. Ó jókòó sórí bíríkì méjì tí a tò, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri lára lọ sókè, sódò, bí ẹni ń pa ọmọ lára kó lè sùn. Ó ní, "Níbo ni fèrèsé máa wà?" Mo tọ́ka sí i. Ó ní kí a jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀, kí òun lè máa rí ìta láti orí ẹní. Ọkọ mi ní kí àwọn mọlémọlé gé e wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá kú ní 2018, nínú yàrá méjì àti pálọ̀ onílé. Bàbá onílé kò ṣe ìkà sí wa. Ó wá, ó bá wa kẹ́dùn, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé àwa náà mọ̀ pé ọgbà yìí kò gba òkú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti gbé e lọ sí ilé ẹbí wọn ní Sakété. Ní ìparí oṣù, ọmọkùnrin náà dé pẹ̀lú ìwé, ó kà wá, ó dúró díẹ̀, ó fa ìlà sórí orí kan.

A kó wọ ilé tiwa ní 2019. Akọ̀wé ti di olùkọ́, wọ́n gbé e lọ sí Parakou. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti lọ́kọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gba òmìnira, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Ilé tí a yà fún mọ́kànlá, èèyàn mẹ́fà ló wọ̀ ọ́. Ìbejì àti ẹ̀gbọ́n wọn ń gun kẹ̀kẹ́nọ̀, ìyẹn ọ̀kadà, lọ sílé-ìwé láàárọ̀, wọ́n ń gùn ún bọ̀ nírọ̀lẹ́, èmi ń gùn ún lọ sí Ouando, owó yẹn náà ní iye tirẹ̀. Ká ní a kọ́ yàrá méjì ní 2014, Ìyá ì bá ti lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ òrùlé tirẹ̀. Ìdílé tí ò ń kọ́lé fún kì í dúró dè ọ́. Bí ò ń to bíríkì, wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń lọ, wọ́n ń kú.

Bàbá mi pàápàá, ní Kétu, yàrá mẹ́jọ ló kọ́ nígbà tí àwa ọmọ mẹ́sàn-án ń jà sórí ẹní. Òun àti màmá mi nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbá.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ilé. Àbúrò mi obìnrin, ìyàwó kejì ni. Ọkọ rẹ̀ ní ilé ńlá, ìyálé rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Òun ń gbé ilé àyágbé tí ọkọ ń san owó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ méjì. Àwọn èèyàn ní ìṣòro wo ló ní, ìdílé kékeré, owó ilé kò sí lọ́rùn rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé kó yára. Ìgbéyàwó ọkùnrin kan sí obìnrin kan ni òfin wa mọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ogún lọ́dọ̀ bàbá wọn, òun fúnra rẹ̀ kò ní ìwé kankan lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá lọ, onílé máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi owó òwò tòmátò ra ààbọ̀ ilẹ̀ kan lápá Avrankou, orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé. Yàrá kan ṣoṣo ló kọ́ síbẹ̀, ó ti kan ilẹ̀kùn sí i.

Ní tiwa, a gé yàrá méjì tó ṣófo kúrò lára ilé, a lu ilẹ̀kùn tiwọn sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ mi fa iná tiwọn, mítà tiwọn lọ́tọ̀, a sì fi háyà. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ rẹlẹ̀ wà nínú wọn. Tọkọtaya kan ló gbà á, ọkọ ń wa mọ́tò láàárín Kútọnu àti Parakou. Ìyàwó bímọ ní oṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń to òwú, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ wá wẹ ọmọ fún mi. Ó lè tó oṣù mẹ́ta. Mo ní kí n wá sọ, kẹ́ ẹ lè mọ iye tí a máa fi kún un."

Mo ní kó dìde. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ lè gun àtẹ̀gùn méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ó ní orúnkún ń dùn ún. Nígbà tí Bàbá Ìbejì dé láti ibi iṣẹ́, mo sọ fún un. Kò jẹun. Ó wá sìmẹ́ńtì tó ṣẹ́kù nínú àpò, ó pò ó mọ́ iyanrìn, Táyé ń bá a pọn omi, wọ́n sì sọ àtẹ̀gùn méjèèjì di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kí ilẹ̀ tó ṣú.